Lékeléke Méjìlá Létí Adágún

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fún ara yín láyè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú, nítorí ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kan ni. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi a máa jó lábẹ́ àga.

"Àwọn ẹyẹ yìí dà bí ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ síbẹ̀," ni Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn wí. Ẹ̀yìn àga Ìyàwó ló dúró sí. "Tí mo bá wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkàn mi kò gbà á."

Ìyàwó ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè é, èmi náà ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mọ ẹyẹ nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń mọ ìkòkò, àfi pé amọ̀ kò kàn án lọ́wọ́. Á mọ eegun, á fi ẹran bò ó, á wá máa to ìyẹ́ lé e lórí níkọ̀ọ̀kan, kéékèèké lọ́rùn, gbọọrọ lápá. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ló fẹ́ àwòrán ńlá tí yóò máa mira lára ògiri, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de dókítà: adágún ní ìdájí, koríko tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ síhìn-ín, àti lékeléke méjìlá létí omi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá ti rí àwọn lékeléke náà. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà ní orúnkún ọ̀kan. Òmíràn, ìyẹ́ kan ti já lápá rẹ̀, kò tíì hù. Omi wà lójú wọn, ẹ ó sì rí koríko nínú omi ojú náà. Funfun wọn kì í ṣe funfun ọṣẹ, funfun ohun tó ń mí ni.

"Aago méjì ni àwọn oníbàárà ń bọ̀," Ọ̀gá ní. "Tí kò bá tíì dára nígbà náà, a ó yọ ẹyẹ kúrò, a ó fi omi àti koríko sílẹ̀." Ó sì jáde.

Ìyàwó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Torí ẹyẹ ni wọ́n ṣe gbà á. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò, ọ̀la ló sì pé. Bí ẹyẹ bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń ṣe igi àti koríko, tí wọ́n ń pè ní Onígi, yí àga rẹ̀ padà. "Lékeléke," bó ṣe máa ń pe Ìyàwó nìyẹn, "má ranjú mọ́ ọn báyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í tijú."

"Mi ò ríran dáadáa ni. Mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó fi áńkáṣíìfù di awò ojú náà mọ́wọ́. "Òkè ilé yín yìí, ẹni tó kọ́ ọ kò ro ti ìyá rẹ̀ rárá."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ bá ti rán ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ? Inú ìkòkò ló ti ń wá a." Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá àwòrán náà. Ó sún mọ́ ọn. "Ìwọ lo ṣe èyí? Ìwọ tí mo ń sọ pé o kàn ń jókòó sójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọmọ mi, forí jì mí."

Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé, mà?"

"Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ń fẹ́ mà, láti orí omi," Onígi ní. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

"Ó fẹ́ tó báyìí, a kò sì rí fùrọ̀ adìẹ kan ṣoṣo."

Onígi rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ìyá kò dúró dè é. "Ogójì ọdún ni mo fi sin adìẹ. Ẹyẹ kì í kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Tó bá kẹ́yìn sí i, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, á tú u ká, òtútù á mú un. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló ń kọjú sí. Tìrẹ wá tò síwájú wa bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò."

Ìyàwó fi awò sójú. Òótọ́ ni, méjèèjìlá ló kọjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣàìrí ojú tó ṣe.

"Onígi, ṣé a kò lè yí afẹ́fẹ́ padà?"

"Koríko, omi, ewé, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ṣe é. Aago méjì kò gbà á."

Àfi kí ẹyẹ yí, nígbà náà. Bí wọ́n bá yí, ojú lọ, àyà lọ. Ẹ̀yìn wọn ni yóò kù, kò sì tíì to ìyẹ́ gidi síbẹ̀, torí ta ni yóò rí i?

"Ìyá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe ojú yẹn."

"Mo mọ̀. Ó rẹwà. Ọlọ́run náà ṣe ojú fún wọn, kò ní kí wọ́n máa fi wò wá."

Ìyàwó káwọ́ lé itan díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ẹyẹ kìíní. Ó yí èkejì. Ìyá fa àga kan, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ohùn:

*Ẹyẹ mi yí, yíjú sómi,*
*Afẹ́fẹ́ ń bọ̀, lọ pàdé rẹ̀,*
*Ìyẹ́ á lẹ̀, ara á móoru,*
*Ẹyẹ mi yí, yíjú sómi.*

Onígi ń bá a gbè é. Ìyàwó ń to ìyẹ́. Ó fi àwọ̀ eérú díẹ̀ sáàárín ìyẹ́ àti ìyẹ́, ó wọ́n ìrì sí èjìká ọ̀kan, ó jẹ́ kí fọ́nrán tínrín tó wà nídìí ẹ̀yìn wọn máa gbọ̀n, kí ìyókù lẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ọwọ́ obìnrin yẹn kò sinmi títí aago méjì fi kù díẹ̀.

Dókítà àgbà kan, obìnrin tó ti hewú, ló ṣáájú àwọn oníbàárà. Wọ́n tan àwòrán náà sára ògiri. Dókítà náà rìn lọ síwájú, ó tún rìn lọ síwájú, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

"Kí ni wọ́n ń wò?" ló béèrè.

Ọ̀gá tẹ̀ sí etí Ìyàwó. "Ṣé a kò lè yí ẹyọ kan péré padà, kí wọ́n rí ojú tí o ṣe yẹn?"

Ìyàwó wo ẹ̀yìn dókítà náà. Bí àwọn lékeléke ṣe dúró ni dókítà náà ṣe dúró, ó na ọrùn sí omi.

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó."

Ọ̀gá náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ilé ìwé kan tún fẹ́ àwòrán igbó. Wàá bẹ̀rẹ̀ ẹyẹ àkókó fún wa láti àárọ̀ ọ̀la."

Ó ránṣẹ́ ra oúnjẹ fún gbogbo ilé, ti dókítà náà mọ́ ọn, ó sì fi àga tirẹ̀ fún Ìyá. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n mu omi tútù lé e. Oníkálukú wá gba ọ̀nà ilé rẹ̀, ikùn kún, ọkàn balẹ̀.