Kárafáànì Mi Kì í Ṣe Ṣọ́ọ̀bù

Adégbóyè gbé ẹsẹ̀ lé irin tí mo ń jó lọ́wọ́, irin náà sì gbóná. Bàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí awọ ewúrẹ́ tó wà nínú iná, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Alága ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà Ọ̀sí ni. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bàtà kò já mọ́ nǹkan kan.

"Keziah, ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Ojú mi ni, bàbá."

"Ta ló gbàdúrà fúrídọ̀mù fún ọ?"

"Ẹni tó dá irin."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n, wọ́n pa ẹnu dé.

Òfin wọn rèé: ẹni tí kò bá sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́rin, tí wọn kò sì gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ kankan láti Ọ̀sí dé Kórò. Èmi kò sin ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ni mo ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì kan tó ń la títì lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé ìrẹsì lọ bá àwọn wẹ́dà wọn, n kì í sì í tètè gba abọ́ padà. Mo ń wò. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti ń jẹun, wọ́n á fún mi ní gíláàsì dúdú, èmi á máa jó irin. Nígbà tí kọ́ńpìnnì kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́dún 1979, wọ́n fi ẹ̀ńjìnì wẹ́dìn ògbólógbòó kan sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú kárafáànì kan, ilé onípáànù tó dúró lórí táyà méjì, tí ọ̀gá wọn ń sùn sí. Wọ́n ní ọrùn rẹ̀ ti wọ́, kò ṣeé fà mọ́.

"N kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀," mo sọ fún Adégbóyè.

"O ṣeun. Padà sídìí ìkòkò rẹ."

"Orí táyà ni n óò ṣí i sí. Ẹ lọ wo ìwé òfin yín, bóyá ẹ kọ táyà sí i."

Irin gígùn tó yọ síwájú kárafáànì, tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á, òun ni à ń pè ní ọrùn. Tèmi wọ́, ó sì tún kúrú. Ẹ̀ńjìnì wẹ́dìn kò ṣeé lò nínú ilé, èéfín rẹ̀ á pa èèyàn. Orí ọrùn ni yóò jókòó sí, òun àti dúrọ́ọ̀mù epo kan. Mo gé ibi tó wọ́ dànù. Mo wá irin ṣánẹ́ẹ̀lì méjì tí inú wọn jin bí gọ́tà, mo kì wọ́n bọ abẹ́ kárafáànì títí dé ara irin tó so táyà méjèèjì pọ̀. N kò kàn lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú bí ẹni lẹ páálí. Ọrùn náà fi ìgbésẹ̀ kan ààbọ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì tẹ́ pèpéle irin sórí rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kù. Bí iwájú bá wúwo jù, á tẹ ìdí ọkọ̀ tó ń fà á mọ́lẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ẹ̀yìn á máa jù bí ìrù ajá. N kò ní òṣùwọ̀n. Èmi àti Susanna àbúrò mi ni òṣùwọ̀n. Obìnrin méjì gbọ́dọ̀ fi tagbára-tagbára gbé orí ọrùn sókè. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ lè mì í. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ti ẹ̀ńjìnì síwá sẹ́yìn kó tó rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Susanna ní, ó di ìbàdí mú, "bí egungun yìí bá yẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá ọkọ fún mi o."

Ṣítù ló máa fà wá. Ọmọ Ìlọ́fà ni, ó ní katakata tó fi ń bá àwọn èèyàn ro oko. Òkúta pọ̀ nínú oko wọn, ohun èlò ìtúlẹ̀ rẹ̀ kì í yé ṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún ló sì máa ń fi dúró de wẹ́dà. Ó ní bí mo bá lè dé Ìlọ́fà, iwájú ilé òun ni kí n gúnlẹ̀ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, Adégbóyè lọ dúró síwájú katakata. Èrò ti pé.

"Irin tí wọn kò kọ́ni láti jó, jíjá ló máa já," ó ní. "Bí ó bá já kó tó dé Ìlọ́fà ńkọ́?"

"N óò gbé ẹ̀ńjìnì yìí lé yín lọ́wọ́, n óò sì padà sídìí ìkòkò."

"Gbogbo yín ti gbọ́ o!"

"Bí kò bá já ńkọ́, alága?"

"Yóò já."

Bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń kó ilé rẹ̀ jáde nílùú kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu wá fún un. Kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ kà á, kí ó ṣáà máa dúpẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá sì ni ilẹ̀kùn kárafáànì wà. Mo ń gbọ́ gbì, gbì, gbì, mo ń wí pé "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o," láìbojú wẹ̀yìn, nítorí ojú Adégbóyè ni mo ń wò. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi.

Lórí ibi títẹ́jú, a ń lọ geerege. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, kárafáànì jù sápá ọ̀tún, ó jù sápá òsì, píìnì tí a fi so ó mọ́ katakata ń ké bí ọ̀yà.

"Súbúhánálláhì!" Ṣítù pariwo. Ó tẹ búréèkì títí a fi dúró.

Adégbóyè ti wà lẹ́yìn wa lórí máṣíìnì tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń wà, èkejì wà lórí òmíràn. Kí máṣíìnì tó dúró ni alága ti fò sílẹ̀. "Ó ti já! Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?"

Mo fi òkúta dí ẹsẹ̀ táyà, mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo fi ìka tọ gbogbo ojú ibi tí mo jó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyà mi ló já, irin kò já. Mo jáde, mo yọ píìnì, mo di orí ọrùn mú. Ohun tí èmi àti Susanna fi igbe gbé lánàá, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e báyìí. Mo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Iṣu ti kún dé ojú fèrèsé.

"Iṣu ni," mo ní.

"Iṣu kẹ̀?" Adégbóyè pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbọ́! Irin rẹ̀ já, ó ń purọ́ mọ́ iṣu!"

"Alága, ẹ wá gbé ọrùn yìí wò."

"Ṣé alábàárù rẹ ni mí?"

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ó fi ìbínú gbé e, ọwọ́ kan. "Kò wúwo rárá!"

"Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn o."

Èmi, Ṣítù, Susanna, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu kúrò lẹ́yìn, a ń tò ó sí àárín, lókè táyà gan-an. Ó yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì náà lára, wọ́n dara pọ̀ mọ́ wa. Alága ń fojú burúkú wò wọ́n. Nígbà tí a tò ó tán, mo ní, "Ẹ tún un gbé, bàbá."

Ó fi ọwọ́ kan. Ó fi ọwọ́ méjì. Ó ká agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, fìlà rẹ̀ bọ́ sínú eruku. Ọrùn kò mira.

"Alága, ẹ rọra o, ìbàdí àgbà!" Ẹni tó wa máṣíìnì rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bá a mú un, àwọn méjèèjì gbé e sókè tagbára-tagbára.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe wọ̀n ọ́n," mo ní. Mo ki píìnì bọ ojú ihò.

Láti ibẹ̀ dé Ìlọ́fà, kárafáànì kò jù mọ́.

A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán níwájú ilé Ṣítù tí Adégbóyè fi sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Keziah, o ní orí pípé. Gbé ọtí àti obì wá, kí o kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. N óò sọ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á ṣe fúrídọ̀mù fún ọ."

"Kí lẹ kọ́ mi, bàbá?"

"Orúkọ mi ni wàá fi bora."

"N kò sí níhòòhò."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku, bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. "Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ kú wàhálà." Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi. "Ìkúnlẹ̀ ìkíni nìyẹn, tiyín ni. Èyí tí ẹ ní kí n fi ti irọ́ lẹ́yìn, n kò ní i."

"Ẹgbẹ́ kò ní gbà. Kò sẹ́ni tí yóò gbé irin wá fún ọ."

Ṣítù wọ ẹ̀yìnkùlé, ó wọ́ ohun èlò ìtúlẹ̀ rẹ̀ tó ti ṣẹ́ sí méjì jáde, ó sì jù ú sílẹ̀ láàárín èmi àti alága, gbàgàdà.

Mo fa okùn ẹ̀ńjìnì lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó dáhùn, gbogbo pèpéle ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ọrùn sì dúró gbọin. Mo fi gíláàsì dúdú sójú.

"Ẹ yíjú sẹ́yìn, bàbá. Iná yìí kò mọ alága."

Kò yíjú. Mo fi iná sí i. Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń wò mí, èmi sì ń jó irin mi lọ.