Ohùn Tí Wọ́n Gbọ́ Nínú Fíìmù Kẹta

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ẹyẹ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n jọ dàgbà ní àdúgbò Ìlódè, wọ́n sì ti jọ ń kọrin láti ìgbà tí wọ́n ti ń ru omi. Mojíre, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ó máa ń dá orin. Rùqáyyàh aránṣọ ni elégbè rẹ̀. Tẹniọlá, tí ó sanra tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, ni ó máa ń ba orin náà jẹ́ lọ́nà tí olúkúlùkù fi ń di ikùn mú.

Ní 1993 ni Ọ̀gá Láoyè, tí ó ti lo ogún ọdún nídìí tíátà kí fídíò tó gbòde, kó wọn sínú sinimá àgbéléwò kan. Nínú rẹ̀, wọ́n lọ kọrin níbi ìgbéyàwó kan tí ìyàwó méjì ti jókòó de ọkọ kan ṣoṣo. Kásẹ́ẹ̀tì náà tà dé Ẹdẹ àti Ìwó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n ṣe èkejì, èyí tí ewúrẹ́ ti jẹ ìwé tí wọ́n fi pè wọ́n síbi ìdíje. Àwọn ọmọdé ń sín wọn jẹ ní títì. Nígbà tí ó di 1995, Láoyè ní ẹ̀kẹta ni yóò jẹ́ àṣekágbá. Àwọn Ẹyẹ yóò jà, wọn yóò tú ká, orin kan ni yóò sì parí ìjà wọn.

“Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín títí,” ni ó wí, “kí wọ́n wá sunkún díẹ̀ kí wọ́n tó dìde lórí àga.”

Oṣù kẹjọ ni wọ́n lọ gba orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kabir, oníṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Sábó, nítorí pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni orin yóò ti máa jáde, àwọn yóò kàn máa mi ẹnu sí i níwájú kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ó tó oṣù méjì tí ohùn Mojíre ti ha, gbogbo wọn sì rò pé ariwo tí ó ń pa mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fà á. Ó gbìyànjú ibi tí orin náà ti gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìgbà kẹrin ó wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, ó sì yára ká a pọ̀. Rùqáyyàh ti rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ó tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kùn.

“Kí ni mo rí yẹn?”

Mojíre kò purọ́ fún un. Ó ti lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní egbò kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe egbò lásán, ó sì kọ ìwé fún un pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn.

“Jẹjẹrẹ ló pè é,” ni ó wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ó fi máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀. “Ó ní wọ́n máa gé ibi tí ohùn ti ń jáde. Tí wọ́n bá gé e, Rùqáyyàh, mi ò ní lè pe ìyá mi mọ́.”

“Tí wọn ò bá wá gé e ńkọ́?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré niṣẹ́ yìí. Jẹ́ kí n ṣe é tán kí n tó lọ. Bá mi dá orin náà. Ọdún wo lo ti ń gbè mí? O mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.”

“Kí la fẹ́ sọ fún Màmá?”

“Ká sọ pé ohùn mi ha. Ṣebí ó ha náà ni.”

Rùqáyyàh yarí. Ó ní lọ́jọ́ náà gan-an lòun yóò lọ sọ fún Ìyá Mojíre. Mojíre kò bá a jiyàn. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó, títí Rùqáyyàh fi gbé ojú kúrò. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Rùqáyyàh ló dúró síwájú máíkì.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé inú rẹ̀ dùn. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni ó ti ń gbè orin tí ẹlòmíràn dá. Nígbà tí ohùn rẹ̀ gòkè lọ́jọ́ yẹn, tí ó dúró lókè tí kò já, tí Kabir gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ayọ̀ tí ó bò ó pọ̀ débi pé ó gbàgbé áńkáṣíìfù náà pátápátá. Ìgbà tí orin parí ni ó tó rántí. Mojíre jókòó sórí àpótí kan ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Láoyè tẹ́tí sí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní ohùn méjèèjì jọra bí ìbejì, kí wọ́n kọ orúkọ Mojíre sí i bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìpetumodù ni wọ́n kó lọ láti ya fíìmù náà, wọ́n gba yàrá mẹ́ta nínú ilé amọ̀kòkò kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kámẹ́rà bàjẹ́, ó lọ pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe. Ọkùnrin tí ń ṣe ọkọ Tẹniọlá nínú eré sì bá fíìmù ẹlòmíràn lọ, ó di dandan kí wọ́n tún ìdajì yà. Ní gbogbo àsìkò yìí, Mojíre ń joro. Kò lè gbé ẹ̀bà mì mọ́, ẹ̀kọ gbígbóná ló kù tí ń wọ̀ ọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Rùqáyyàh ń dín búbá Mojíre kù, kí kámẹ́rà má baà rí i pé aṣọ ti ń jábọ́ lára rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Rùqáyyàh ní, “Jẹ́ ká máa lọ sí Ìbàdàn. Fíìmù ò sá lọ.”

“Ìran mẹ́fà ló kù,” ni Mojíre sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Rùqáyyàh dìde, ó fẹ́ lọ sọ òótọ́ nípa àìsàn náà fún Láoyè. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì gbọ́ tí ó ń gbé orin náà sí etí àwọn oníkámẹ́rà, tí ó ń sọ pé orin yìí nìkan tó láti ta fíìmù náà. Orin náà dé ibi tó ti gòkè, gbogbo wọn sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Rùqáyyàh dúró níbẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, kò kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ya ìran ìkẹyìn nínú oòrùn ọ̀sán, láàárín ìkòkò tí wọ́n sá sílẹ̀. Mojíre mi ẹnu sí ohùn Rùqáyyàh, ojú rẹ̀ sì kọ orin náà tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan tí amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá fi ń fi èjìká nu omijé. Tẹniọlá jókòó lórí ìkòkò, ìkòkò fọ́, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mojíre náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò ní ohùn.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìbàdàn, àwọn dókítà ní ó ti tàn kálẹ̀, ọ̀bẹ kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ní oṣù kìíní 1996, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mojíre kú.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún náà ni wọ́n fi fíìmù han ará ìlú nínú gbọ̀ngàn kan ní Lágere. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu àga. Nígbà tí orin ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, ilé parọ́rọ́, ẹkún sì ń sọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Láoyè dìde, ó ní Mojíre kú lóòótọ́ ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rùqáyyàh sorí kọ́. Ní ìjókòó iwájú, Ìyá Mojíre kò pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó ránṣẹ́ pe Rùqáyyàh wá sí Ìlódè.

“Ìwọ lo dá orin yẹn,” ni ìyá náà wí.

“Ta ló sọ fún yín, Màmá?”

“Èmi ni mo bí Mojíre. Ó máa ń mí kí ó tó gòkè. Ẹni tó kọ èyí kò mí. Ìgbà wo lẹ gba orin náà sílẹ̀?”

“Oṣù kẹjọ, mà.”

“Ìgbà wo lẹ gbé ọmọ mi lọ sí Ìbàdàn?”

“Ìparí oṣù kẹwàá.”

Ìyá náà ka oṣù náà lórí ìka rẹ̀. “O ti mọ̀ láti oṣù kẹjọ.”

Rùqáyyàh kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀jẹ̀, ìwé dókítà, ẹnu ọ̀nà Láoyè. Ó sọ nípa ayọ̀ tí ó yọ̀ níwájú máíkì pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

“Dìde,” ni Ìyá Mojíre wí níkẹyìn. “Mi ò ní ṣépè fún ọ. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi lo ti jẹun dàgbà. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́.”

Nígbà tí Láoyè dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fíìmù kẹrin, tí ó ní Rùqáyyàh ni yóò máa dá orin wàyí, Rùqáyyàh ní ẹ̀kẹta ti jẹ́ àṣekágbá. Tẹniọlá kó lọ sí Èkó. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, tí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ní kí ó wá bá àwọn dá wákà, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kò fún òun láyè.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, òjìji ẹnì kan bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá Mojíre ni. Ó ti rù. Rùqáyyàh kúnlẹ̀, ó nu bẹ́ǹṣì fún un.

“Inú mi kò tíì yọ́ sí ọ,” ni ìyá náà wí bí ó ti jókòó. “Mi ò sì mọ̀ bóyá yóò yọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lo fi wà pẹ̀lú ọmọ mi tí èmi kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ wọn.”

“Gbogbo rẹ̀, mà?”

“Lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí mò ń lọ.”

Rùqáyyàh fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ní Ìpetumodù, nígbà tí Mojíre jí ṣáájú gbogbo ènìyàn, tí ó lọ jókòó ti arúgbó amọ̀kòkò kan, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun bí a ti ń mọ ìkòkò, tí ìkòkò tó mọ sì wọ́ bí àkàrà tí kò jinná. Arúgbó náà bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ ni.

“Kí ló fún un lésì?” ni Ìyá Mojíre bèèrè.

“Ó ní orin ni ìyá òun kọ́ òun,” ni Rùqáyyàh wí.