Àga Níwájú Gólì

Làmídì, má tíì pe àwọn ọmọ jáde sí pápá. Jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ, torí ìwọ lo fà á.

O ṣáà mọ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí ò ní èrò lórí bẹ́ǹṣì. Nínú àlá náà, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀, ó wọ jẹ́sì wa. O wá ní, "Kóòṣì, bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ rọ́ nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ewúrẹ́ yìí la máa fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àgbàlagbà ṣọ́lé." Lo bá gbé àga síwájú gólì, o ní kí n jókòó.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù dé iwájú mi, á rí irùngbọ̀n mi, á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Kó tó dìde, a ti gba bọ́ọ̀lù.

Àfi bí àbúrò ìyàwó mi, ọmọ tí mo lè bí, ṣe yọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Kò kí mi. Àna sì ni àna, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bọ́ọ̀lù rọra gba ẹ̀gbẹ́ etí mi wọlé. Ewúrẹ́ ń pàtẹ́wọ́.

Ìdọ̀bálẹ̀ náà ni mo wà tí mo fi jí, lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ń wò mí. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Bàbá Ṣadé. Kí lẹ ṣe?"

Mo ní àlá ni. Ó ní òun ò ní dáná àfi tí mo bá jẹ́wọ́.

Nítorí náà, bá mi wá búrẹ́dì. Bí a bá sì máa gbé àga lọ sí pápá nírọ̀lẹ́ yìí, kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a fẹ́ bá gbá bá ìyàwó mi tan.