Àwo Méjì Lójú Fèrèsé

"Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, kí lẹ wá ń wò bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbéyàwó?"

Ọ̀gá ló ń bá a ṣeré láti ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò. Ó lé ní ogún ọdún tí obìnrin náà ti ń sin sẹ́ẹ̀lì nínú àwo pẹlẹbẹ, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ, torí kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nílé. Orúkọ yẹn máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lónìí, kò rẹ́rìn-ín.

Àwo méjì ló gbé sókè sójú fèrèsé. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ló kán sí méjèèjì níjẹta, ó sì ti da aró sí wọn láàárọ̀ yìí, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè nìkan ló ń gba aró. Ọ̀kan funfun báláú. Èkejì gba aró dáadáa, àfi ihò funfun kéékèèké mélòó kan.

"Àwọn tó kú tán yìí ò lè ṣe ìntafírọ́ọ̀nù láti kìlọ̀ fún ara wọn, ọ̀gá. Fáírọ́ọ̀sì pa ọ̀kan, aládùúgbò ò gbọ́, ó pa òun náà."

"Èkejì ńkọ́?"

"Sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ kó fáírọ́ọ̀sì náà fura pé àlejò burúkú ti wọlé. Ó tú ìntafírọ́ọ̀nù síta, àwọn tó yí i ká gba ìkìlọ̀, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí. Òun fúnra rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn."

"Kó ṣáà rántí dákẹ́ o," ni ọ̀gá wí. "Ìkìlọ̀ tí ò níjàánu, ara fúnra rẹ̀ ló máa ń kọjú ìjà sí." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Obìnrin náà jókòó. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí lẹ́tà dókítà ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú. Dókítà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí: "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹbí yín. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó tètè lọ yẹ ara rẹ̀ wò." Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn, ọdún mẹ́ta rèé, tí kálukú ti ń retí kí èkejì kọ́kọ́ pe òun. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i. Ìdánìkanwà náà tilẹ̀ ń dùn ún ju kókó inú ọmú rẹ̀ lọ.

Ó tún àwo funfun náà wò. Ó mú fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ o?"

Àbúrò rẹ̀ ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

"Èmi ni. Má pa fóònù. Jẹjẹrẹ ló mú mi lọ́mú. Wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Jọ̀ọ́, lọ yẹ ara rẹ wò lọ́sẹ̀ yìí."

Gbogbo ẹjọ́ ọdún mẹ́ta ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó dákẹ́.

Àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan," ó dáhùn, ó sì jẹ́ kí ẹkún ọjọ́ mẹ́sàn-án náà jáde.