Orí Òkè Aráfà Tí Bísíríyù Kò Dé

Jamilah ló fẹ́ràn òkè, kì í ṣe Bísíríyù. Ti Bísíríyù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí epo dúdú wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ tí kò jáde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Òkè-Bálógun. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ké títí tí ọ̀fun wọn gbẹ, Jamilah á pa Kùránì dé, á fún wọn lómi mu, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn òkè.

Àwọn ọmọ náà kò rí òkè rí. Lóòótọ́, Òkè ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n èèyàn lè ru agbọ̀n ẹja gba ibẹ̀ kọjá láìmí hẹlẹ. Nítorí náà, Jamilah á na ọwọ́ sókè títí ìka ẹsẹ̀ nìkan á fi kù tó fi dúró. Ó sọ ti Òkè Júdì fún wọn, níbi tí ọkọ̀ Ànábì Núhù gúnlẹ̀ sí nígbà tí omi fà. Ó sọ ti Kílímańjárò tó ní orí méjì. Àwọn ará ibẹ̀ ní aládùúgbò ni orí méjèèjì, Kíbò àti Màwẹ́ńsì. Iná kú mọ́ Màwẹ́ńsì lọ́wọ́, ó lọ tọrọ ẹyinná lọ́dọ̀ Kíbò. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta inú bí Kíbò, ó fi ọmọ odó lù ú lórí. Ìdí nìyẹn tí orí Màwẹ́ńsì fi rí págunpàgun títí dòní.

Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni ti Ànábì Ádámù. Ó ní nígbà tí Ọlọ́hun lé Ádámù àti Hawáù jáde ní ọgbà ìdẹ̀ra, orí òkè gíga kan ní Siri Láńkà ni Ádámù bọ́ sí. Ojú ẹsẹ̀ kan ṣì wà lórí òkè yẹn. Àwa ní ti Ádámù ni, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ní ti ẹni tiwọn ni, gbogbo wọn sì ń gùn ún. Hawáù ní tiẹ̀, etí òkun Jídà ló bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnì kejì wà. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń wá ara wọn, títí wọ́n fi pàdé lórí Òkè Aráfà.

Mutmainah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ilé wọn kọjú sí ti Bísíríyù, béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Kéú, ọdún mélòó ni wọ́n fi wá ara wọn?"

"Àwọn kan ní igba ọdún."

Bísíríyù ń fọ púlọ́ọ̀gì nínú yàrá. Ó pariwo pé, "Igba ọdún! Èmi ò lè wá ọ tó bẹ́ẹ̀ o!"

"Mo mọ̀, Bàbá Yasir," ni Jamilah dá a lóhùn. "Ọjọ́ kẹta lẹ máa padà sídìí ẹ́ńjìnnì."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí orúkọ tọkọtaya náà jáde pé wọ́n á lọ sí Hájì, Jamilah kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ń rìn káàkiri inú ilé, ó ń dárúkọ àwọn òkè bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹbí. Ó ra bàtà tí atẹ́lẹ̀sẹ̀ rẹ̀ le, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú ilé kó lè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n gbéra nígbà tó ṣubú lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ kẹta ló jáde láyé.

Yasir, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá láti Pọtakọ́ọ̀tù. Ó dúró títí wọ́n fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Kó tó wọkọ̀ padà, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ lọ sí Mẹ́kà yẹn o."

"Kí lèmi nìkan fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ lọ bá wa ṣe àdúà fún Màámi."

Bísíríyù lọ. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, bàbá kan láti Agbọ̀wà ló jókòó síbi tó yẹ kí Jamilah jókòó. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ gbéra tí bàbá náà sùn, tó gbé orí lé èjìká Bísíríyù. Bísíríyù kò jí i. Èjìká náà ro ó títí wọ́n fi balẹ̀.

Lọ́jọ́ Aráfà, oòrùn mú bí iná alágbẹ̀dẹ. Ààfáà tó ṣíwájú wọn ti ṣàlàyé pé kì í ṣe dandan kéèyàn gun òkè náà, pé ẹni tó bá ti wà lórí pápá Aráfà títí oòrùn fi wọ̀, Hájì rẹ̀ pé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ gùn ún. Bísíríyù bá wọn rìn dé ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè. Òkè náà kò tiẹ̀ ga bó ṣe rò. Òkúta ni, àtẹ̀gùn wà lára rẹ̀, òpó funfun kan wà lókè pátápátá, àwọn aláṣọ funfun sì bò ó bí lékeléke ṣe ń bo igi.

Ummusalamah, opó kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ìjẹdè, wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ ò ní gùn ún ni?"

"Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀."

"Ẹ bá mi di báàgì mi mú nígbà náà."

Bísíríyù gba báàgì. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì títí obìnrin náà fi lọ tó bọ̀. Kò gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ará àdúgbò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mutmainah la àárín wọn kọjá wá síwájú. "Bàbá, ṣé ẹ dé orí òkè tí Ìyá Kéú sọ?"

"Rárá" ló wà lọ́kàn Bísíríyù láti sọ. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń tàn, gbogbo èèyàn sì dákẹ́.

"Mo dé ibẹ̀," ló wí.

Irọ́ kì í jókòó lóun nìkan. Ustaz Zikrullah, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba kéú lẹ́yìn Jamilah, bẹ Bísíríyù pé kó máa sọ̀rọ̀ òkè náà fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ní atẹ́gùn orí òkè náà tutù bí ọyẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun rí Mẹ́kà láti ibẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun fọwọ́ kan òkúta tí Hawáù fara tì nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń gbé àga wá láti ilé wọn. Fún wákàtí kan, ohùn èèyàn á kún ilé náà. Nígbà tí wọ́n bá kó àga wọn lọ, Bísíríyù á wà níbẹ̀, á máa gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń ró.

Fóònù Jamilah ṣì wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn tó lọ sí Hájì, kò sì sẹ́ni tó yọ tirẹ̀ kúrò. Láàárọ̀ Jímọ̀, tí ẹnì kan bá kí gbogbo wọn kú Jímọ̀, fóònù méjì ló máa dún lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé tí èèyàn kan ṣoṣo ń gbé.

Ní Sọ́ńdè kan, Bísíríyù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí Ummusalamah lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ọjà ẹja ló bá wá sí Ẹ̀pẹ́, ó ní kóun yà kí ẹni tí àwọn jọ lọ sí Mẹ́kà. 

"Bí mo ṣe dé orí rẹ̀..." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Bí mo ṣe dé orí rẹ̀ báyìí, mo kírun."

Ummusalamah mi orí bí àwọn yòókù. 

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Bísíríyù gbé omi fún un. Wọ́n jókòó.

"Alhaja, ẹ mọ̀ pé mi ò gùn ún."

"Ta ló di báàgì mi mú?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án?" Ó gbé ife kalẹ̀. "Èmi ń bi yín ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gùn ún? Ẹsẹ̀ yín le ju tèmi lọ."

Bísíríyù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ̀ pé Jamilah ti kú. Èmi ni mo sọ̀ sínú sàréè tí mo gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ìtàn yẹn títí ó fi wọ̀ mí lára. Mo ní bí mo bá dé orí òkè yẹn, tí mo wo ọ̀tún, tí mo wo òsì, tí mi ò rí i, ó tán nìyẹn. Bí mi ò bá tíì gùn ún..." 

 "Ọdún kẹsàn-án nìyí tí ọkọ mi ti kú," ni Ummusalamah wí. "Èmi gùn ún. Oòrùn ń pa mí, ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo wa náà la ń wò. Nígbà tó yá, mo sọ̀ kalẹ̀ wá gba báàgì mi."

Ó dìde, ó so ìdí aṣọ rẹ̀ le, nítorí ọkọ̀ Ìkòròdú kò ní pẹ́ gbéra. Bísíríyù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kò sọ fún un pé kó jẹ́wọ́, kò sì sọ pé kó má jẹ́wọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bísíríyù dìde láàárín àwọn ọmọ àti àwọn àgbà. Ó ní òun kò gun òkè Aráfà. Ó ní ìsàlẹ̀ lòun dúró sí, pé gbogbo ohun tí òun ti ń sọ, irọ́ ni.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní astagfirullah. Mutmainah dìde, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ẹ parọ́ fún wa! Ìyá Kéú kì í parọ́ fún wa."

Ó jáde lọ. Àwọn àgbà kó àga wọn, wọn kò sì gbé e padà wá mọ́. Wọ́n ń pè é ní Alhaji Ìsàlẹ̀ Òkè létí omi, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. Kò bá wọn jà. Ustaz Zikrullah ṣì ń kọ́ kéú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti parí, àwọn ọmọ á tú ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní Sọ́ńdè karùn-ún, àwọn ọmọ ti lọ tán, Bísíríyù ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó rí Mutmainah tó fara ti òpó. Ọmọ náà ti ń wò ó tipẹ́.

"Bàbá."

"Mò ń gbọ́."

"Kí lẹ wá ń ṣe nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ Bísíríyù rí. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ní òun di báàgì obìnrin kan mú, báàgì náà wúwo. Ó ní ooru ń mú, ọkùnrin kan tí àwọn kò gbọ́ èdè ara àwọn bu omi sí òun lórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ní òun ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sunkún lókè, ohùn wọn dà bí ìró omi. Ó ní òun ń dárúkọ Jamilah nínú àdúà, òun ń pè é títí ètè òun fi bó, títí oòrùn fi wọ̀.

"Ṣé ó tán nìyẹn?"

"Ó tán nìyẹn."

Mutmainah rò ó díẹ̀. Ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ńṣì náà, ó ń mi ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é láti òdìkejì ọ̀nà.

"Ó dàbọ̀, Bàbá," ló wí, ó sì sáré lọ. Bísíríyù wò ó títí ó fi wọlé. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, ó sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.