Apá Òsì Ọkọ Mi

Dókítà oníṣẹ́ abẹ so rọ́bà mọ́ apá òsì ọkọ mi lókè ìgúnpá, ó ń fi ìka wá iṣan kiri. Apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún tó kọjá, kò gbà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà fà á, ti dá ibà sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ.

"Ìyá, èyí nìkan ló kù o," dókítà sọ fún mi. "A máa so iṣan méjì pọ̀ níbí. Tó bá wú dáadáa, ibẹ̀ labẹ́rẹ́ á máa gbà wọlé. Kí wọ́n má gbé ẹrù, kí wọ́n má wọ aago, kí nǹkan kan má tẹ̀ ẹ́."

"Ẹrù kẹ̀? Ọkùnrin tí kì í gbé àwo tó fi jẹun kúrò nílẹ̀!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu mi yìí ló máa pa òun, kì í ṣe kíndìnrín.

Wọ́n ṣe é. Láràárọ̀ ni mò ń gbé etí lé ojú abẹ náà, tí màá gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń kùn lábẹ́ awọ bí ẹ̀rọ ìlọta, inú mi á sì dùn. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lápá náà lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ ọn débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù dìde jókòó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nílé, mo ní kí n kàn na ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oorun bá gbé mi lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni apá yẹn ti jẹ́ ìrọ̀rí mi, orí mi mọ̀nà débẹ̀. Nígbà tí mo máa lajú, oòrùn ti ń wọ̀, orí mi wà lórí ọwọ́ náà. Ọkọ mi ò sùn, ó ń wo àjà.

Mo fò dìde, mo gbé etí lé e. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé o!

Dókítà là á padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀, kò ṣeé ṣí. Ó ní kò síṣan mìíràn tóun lè lò mọ́, ọ̀pá ọrùn náà la ó máa bá yí. "Bàbá, ṣé ẹ sùn lé e ni?"

Mo fẹ́ lanu. Ọkọ mi yára dáhùn: "Mo sùn lé e. Mo gbàgbé ni."

Nígbà tí dókítà jáde, ẹkún ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé orí mi wà níbẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń wò mí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jí mi?"

Ó yíjú sí ògiri. "Látìgbà tí àìsàn yìí ti dé, mi ò tíì rí i kó o sùn báyẹn."