Ọmọ Tó Wà Lẹ́yìn Ère

Ní ọdún tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, Gàfárù, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Óṣòdì, mú ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Ìgànná lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan l'Ékòó. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé iwájú ère obìnrin kan tó pọn ọmọ.

Gàfárù ka ìwé abẹ́ rẹ̀ fún un: "A kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ."

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ," ni Màmá wí. "Ìyá mi nìyẹn. Èmi ló pọ̀n."

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró nítòsí wo etí òsì ọmọ inú ère náà, tó ya nísàlẹ̀. Ó wo etí òsì Màmá, tí òun náà ya bákan náà.

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́," ni Màmá ṣàlàyé.

Ẹ̀ṣọ́ yọ báírò. "Kí lorúkọ bàbá yín, Màmá?"

"Àkànní Abórìṣàdé."

Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní òun á fi han ọ̀gá òun.

"Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, Màmá. Òfin ò gbà á."

Lẹ́yìn náà, ẹ̀ṣọ́ kọjú sí ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀. Màmá fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú ère náà, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò. Gàfárù, tí kò mọ ìyá ìyá rẹ̀ rí, ṣí fìlà.